ÀÀWẸ̀ ÀTI TẸ́ḾPÌLÌ ARA



Ààwẹ̀ kì í ṣe tuntun sí wa. Àdúrà òun ààwẹ̀ ni Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá gbé dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní 1930 tí ìsọjí fi bẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n gbà á. Bí a kò bá jẹun fún bí ọjọ́ kan, ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ fi pamọ́ a tán, ara a wá máa jó ọ̀rá. Bó bá pẹ́, a máa jẹ iṣan tí a fi ń dìde lórí eékún pẹ̀lú. Àgbà kì í sì tètè rí i padà. Pé ààwẹ̀ ń dá ogbó dúró, lára eku ni wọ́n ti rí i, kò tí ì dájú lára ènìyàn.

Èlíjà pàápàá jẹ, ó mu, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rin 40 ọjọ́ (1 Ọba 19).

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, aláboyún, ẹ̀yin ìyá wa àgbà, ẹ má wọ ààwẹ̀ gbígbẹ láìsọ fún dókítà. Bí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ bá parí, ògì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ká fi ṣínu, kì í ṣe iyán!

Ọlọ́run tí ń gbọ́ ti aláààwẹ̀ ń gbọ́ ti ẹni tó lo oògùn tán tó kúnlẹ̀. Àmín.