Ṣé Owó Ló Ń Ṣí Etí?

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan: bí ènìyàn bá ṣe ohun tó tọ́ nítorí pé owó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé a lè pè é ní olódodo?

Ní Yunifásítì Missouri, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú pariwo títí pé wọ́n ń bú àwọn nítorí àwọ̀ ara àwọn, pé àwọn aláṣẹ ò sì ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2015, ọ̀kan nínú wọn, Jonathan Butler, kọ oúnjẹ sílẹ̀. Ó ní àfi kí Tim Wolfe, ààrẹ àgbà, kúrò nípò. Ọjọ́ márùn-ún kọjá, Wolfe ò kúrò. Ní ọjọ́ keje, àwọn aláwọ̀ dúdú inú ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé náà ní àwọn ò ní wọ pápá mọ́. Gary Pinkel, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, dúró tì wọ́n. Bí wọn ò bá gbá eré ọ̀sẹ̀ yẹn, mílíọ̀nù kan dọ́là ni ilé-ìwé máa san. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Wolfe kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀tọ́ ṣáà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí la tún ń wá? Òótọ́ wà níbẹ̀. Agbára àwọn eléré yìí ni ilé-ìwé fi ń pawó, wọn ò sì gba owó oṣù nígbà yẹn. Ẹni tó ru ẹrù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n tún fi ọjọ́ iwájú wọn wewu. Ní 1969, ní Yunifásítì Wyoming, eléré aláwọ̀ dúdú mẹ́rìnlá fẹ́ so aṣọ dúdú mọ́ apá nígbà tí wọ́n bá ń kojú yunifásítì ìjọ Mormon, ìjọ tí kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ṣe àlùfáà nígbà yẹn. Lloyd Eaton, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, lé gbogbo wọn. Ó di 2019 kí ilé-ìwé tó tọrọ àforíjì.

Àmọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ò mọ bọ́ọ̀lù gbá ńkọ́? Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí à ń ṣe, ohun tó bàjẹ́ bàjẹ́ náà ni, ìbáà jẹ́ oníbàárà kan ṣoṣo ló rí i. Bó ṣe yẹ kí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà rí nìyẹn.

Ìdáhùn wa rèé: ohun tí wọ́n ṣe ní Missouri tọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù àdánù kì í ṣe òdodo. Ọjọ́ tí ẹni tí ẹkún rẹ̀ ò lè ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀ bá sunkún, tí wọ́n sì dá a lóhùn, ọjọ́ yẹn la máa gbà pé wọ́n ti ń gbọ́ràn.