ÒKÚTA ṢÉKÉMÙ ÀTI KÀNGA JÁKỌ́BÙ



Ṣékémù tí a ń kà nínú Bíbélì kò parẹ́. Ìlú ńlá Nablus ni ó wà níbẹ̀ lónìí, ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, tòun ti ọjà àti ariwo ọkọ̀. Ní àdúgbò Balata, níbi tí àwọn ará Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní 1913, òkúta pẹlẹbẹ gbàǹgbà kan dúró níwájú àlàpà tẹ́ḿpìlì àtijọ́; orí rẹ̀ ti kán. A kò lè búra pé òun ni Jóṣúà gbé ró. Ṣùgbọ́n ẹ ka Jóṣúà 24: ẹlẹ́rìí ni Jóṣúà pe òkúta tirẹ̀, nítorí ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Olúwa bá wọn sọ. Kò ní kí wọ́n bọ ọ́ o.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni kànga Jákọ́bù wà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Gíríìkì. Ó jìn tó nǹkan bí mítà 40, wọ́n sì ń fa omi rẹ̀ mu títí di òní. Bí ẹni tó lọ bá bu díẹ̀ bọ̀ nínú ìgò, a kò bá a jà. Ẹni tó ń tà á fún aláìsàn là ń bá wí! Ẹni tó sì fẹ́ yáwó lọ wò ó ńkọ́, ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ níwájú pẹpẹ wa, ṣé ó ti san án? Ìdí kànga yẹn ni Jésù ti bi obìnrin ará Samáríà ní ti ọkọ rẹ̀ (Jòhánù 4). Omi ló wá pọn. Ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó gba ìlú lọ.