Ta Ni Ó Ni Ìtàn Tí A Fi Ṣe Fíìmù?

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìtàn ìjọba Dàhòmì, ọ̀kan nínú wọn nàwọ́ sókè, ó ní: « Olùkọ́, ohun tí ẹ sọ yìí kọ́ ni a rí nínú fíìmù. » The Woman King ni ó ń sọ, èyí tí iléeṣẹ́ TriStar, tí í ṣe ti Sony, gbé jáde ní ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni ó bí ìbéèrè tí mo gbé wá yìí: ǹjẹ́ ẹni tí ń dá aráyé lárayá jẹ àwọn tí ó ń sọ ìtàn wọn ní gbèsè òtítọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Amẹ́ríkà ni owó ti wá, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya fíìmù náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òṣèré sì ń sọ. Nítorí pé owó tí wọ́n ná pọ̀, wọ́n nílò akọni tí gbogbo ayé yóò fẹ́ràn. Nínú fíìmù náà, tí ó dá lórí ọdún 1823, Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá tí ń ko ènìyàn tà. Ọba Ghézo sì gbà níkẹyìn láti fi òwò epo pupa rọ́pò òwò ẹrú. Lóòótọ́ ni Ọ̀yọ́ ta ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ghézo pàápàá kò ṣíwọ́: ó ṣì ń ta ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ọdún 1886, lábẹ́ Glèlè ọmọ rẹ̀, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa nígbèkùn lọ sí Àgbómẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé eré ni eré í ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. A kì í béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń pàlọ́ ìjàpá. Ẹ̀fẹ̀ tiwa náà a sì máa bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí Ẹ̀fẹ̀ ń bú ni ó ti ń kọrin. Bí ó bá ṣì í sọ, ará ọjà yóò dá a lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Iléeṣẹ́ fíìmù ń bá àwọn tí kò mọ Kétu rí sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lóhùn níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Síbẹ̀, orí ìjókòó kan náà ni ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Yorùbá ń jókòó sí ní kíláàsì mi. Bí mo bá sọ ìtàn 1886 bí ẹni pé àwọn baba tiwa kò ní àbàwọ́n, èmi náà ti di iléeṣẹ́ fíìmù kékeré. Ẹni tí ó bá fẹ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ sọ èyí tí ó dun òun fúnra rẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tún fíìmù náà wò, nítorí ó dùn ún wò, àwọn jagunjagun obìnrin náà sì wà rí ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bá àgbà ilé rẹ̀, kí ó béèrè ẹni tí wọ́n kó lọ nínú ẹbí wọn, kí ó sì béèrè ẹni tí ẹbí náà tà. Kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí àwa tí a ni ìtàn bá dákẹ́, ẹni tí ó ní owó ni yóò máa bá wa sọ ọ́.