Ọwọ́ Tí Ojú Kò Rí Nínú Àwo

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Mo ti fi òwe yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú mi tó rí i lórí kọ̀ǹpútà kan tí àwa méje jọ ń lò. Linux, ètò tí Linus Torvalds kọ́kọ́ gbé jáde ní Finland ní ọdún 1991, ni ó ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, iṣẹ́ ẹnì kan nínú wa gba gbogbo àyè ìrántí ẹ̀rọ náà. Bí àyè bá tán pátápátá, Linux a mú iṣẹ́ kan, a sì pa á. Èyí tí ó gba àyè jù lọ ni ó sábà máa ń mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlẹ́bi ti pín sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ kan, tí ó ti ń ṣà ọ̀rọ̀ jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ni ó kú.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a wọn nǹkan fún àgbàlagbà? Èyí tí ó dàgbà jù nínú wa fárí gá: “Ṣé ọmọdé ni wá ni?” Tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbè. Àṣẹ kan wà tí a ń pè ní nice, tí ènìyàn fi lè yọ̀ǹda ipò fún ẹlòmíràn, láti –20 dé 19. Àwa yòókù lè fi kún un. Alábòójútó ẹ̀rọ nìkan ni ó lè dín in kù. Ìwà ọmọlúàbí gan-an nìyẹn, mo wí. Kí n má parọ́, èmi pàápàá kò lò ó rí.

Nídìí àwo, a ń rí ọwọ́ ara wa. Ojú ni ó ń kó ni níjàánu. Ẹlẹ́bi ọjọ́ náà kì í ṣe òǹrorò. Kò rí ebi ẹnikẹ́ni ni. Òṣùwọ̀n ni ó dípò ojú níbẹ̀.

Irú òṣùwọ̀n wo wá ni? Èyí tí ó wà nínú Linux láti ọdún 2008, cgroups, ń kó gbogbo iṣẹ́ ẹnì kan sójú kan, kí wẹ́wẹ́ má baà bo ọ̀pọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ti agbára ìṣírò, ó lè fi ìpín nìkan ṣe é: bí àwọn yòókù bá ń sùn, kí ẹni tí ó jí gba gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá jí, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀. N kò ní ẹjọ́ kankan sí èyí. Àyè ìrántí ni ó dùn mí. Ohun tí a ti gbé mì kò rọrùn láti gbà padà, nítorí náà a fi odi sí i, odi náà a sì dúró lóru pẹ̀lú, nígbà tí àyè pọ̀ tí kò sí ẹni tí ń lò ó. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kọjá odi, iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò kú.

A fi odi náà sí i. Láàárín oṣù kan, iṣẹ́ tèmi ni ó kọ́kọ́ kú.