Ọkọ̀ Tí Kì Í Dúró De Màmá

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú irin wa ti fẹ́ gbéra nígbà tí a rí màmá kan tó ń sáré bọ̀ láti orí àtẹ̀gùn, ẹrù lórí, káàdì Cowry lọ́wọ́. Ó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa ni ilẹ̀kùn padé. Màmá ò pariwo. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń wò wá láti ojú fèrèsé, àwa náà ń wò ó.

Ẹnì kan ní, "Wọn ò bá ti dúró de màmá yìí jàre." Ẹlòmíràn ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi bẹ ọ̀gá mi níbiṣẹ́?" La bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn nínú wa títí a fi dé Òyìngbò.

Red Line la ń sọ, èyí tó ti ń kó èrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Àgbàdo dé Òyìngbò, ibùdókọ̀ 8. Kó tó dé, dáńfó ni ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ dáńfó. Awakọ̀ á rí màmá lọ́ọ̀ọ́kán, á dẹsẹ̀ dúró, kọ́ńdọ́ á ní, "Màmá, ẹ rọra o!" Ó jọ àánú, àbí? Àmọ́ ká sòótọ́, torí àga tó ṣófo ni wọ́n ṣe dúró. Tí ọkọ̀ bá ti kún, màmá lè sáré dọ̀la. Àkókò tí wọ́n sì fi ń ṣàánú, tàwa tá a ti jókòó látàárọ̀ ni. Ta ló bi wá?

Ojú irin ò gba irú ẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn ń gbà. Tí a bá pẹ́ ní Ìjú nítorí ẹnì kan, àwọn tó ń dúró ní Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì títí dé Yábàá á pẹ́. Màmá lè wà láàárín àwọn náà, a ò kàn rí ojú wọn ni. Nítorí náà, a ò lè bá ẹni tó ti ilẹ̀kùn jà.

Ṣùgbọ́n aago kan náà fún gbogbo èèyàn, ṣé ẹsẹ̀ wa dọ́gba ni? Àwa kan ń rìn wá láti ilé. Àwọn mìíràn ń wọ ọ̀kadà láti inú Ògùn lọ́hùn-ún, nínú ẹrẹ̀. Ká ní òmíràn ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ilẹ̀kùn tó tì ò ní dun ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú irin. Ibẹ̀ gan-an ni ìkà wà, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, màmá ti jókòó ká tó wọlé. A kí i, a bi í pé ìgbà wo ló dé. Ó ní òun ti kúrò nílé láago mẹ́rin ààbọ̀.