Ẹni Tí Ń Dúró De Àyè Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi,

Àwọn kan nínú yín ti yege nínú ìdánwò BAC, wọ́n sì ń wá ọ̀nà wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ mọ bí ọ̀ràn náà ti rí. Iye àga tí ilé-ẹ̀kọ́ ní ni iye ọmọ tí ó lè gbà. Yóò mú àwọn tí èsì wọn dára jùlọ. Nígbà mìíràn a sì to orúkọ àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn sínú ìwé kejì, èyí tí a ń pè ní liste d'attente. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kò tíì wọlé, a kò sì lé e padà. Bí ẹnìkan nínú àwọn tí a mú kò bá wá, a ó pè é.

Ìbéèrè dé nígbà náà: ǹjẹ́ ó tọ́ kí onígbàgbọ́ máa gbàdúrà fún ohun tí kò lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ àfi bí ẹlòmíràn bá fi í sílẹ̀?

Àwọn àgbà wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ojú ọ̀run. Àga inú rẹ̀ níye.

Ìrètí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino (1225–1274) kọ́ni pé ohun rere tí ń bọ̀, tí ó ṣòro ṣùgbọ́n tí ó ṣeé ṣe, ni ìrètí ń wò. Ó kọ́ni pẹ̀lú pé ìlara ni kí ire ẹlòmíràn máa ba ènìyàn nínú jẹ́. Ẹ wo bí méjèèjì ti lè súnmọ́ra tó! Ní òwúrọ̀ a wí pé, "Olúwa, ṣí ọ̀nà fún mi." Nígbà tí yóò fi di alẹ́, a ti ń fẹ́ gbọ́ pé owó tán lọ́wọ́ bàbá ẹnìkan. Òfin kẹwàá kọ èyí.

Òṣùwọ̀n rẹ̀ nìyí. Bí ẹni tí ó ṣáájú yín bá rí àyè tí ó sàn jù níbòmíràn, tí inú yín sì dùn nítorí tirẹ̀ pẹ̀lú, ìrètí ni. Bí ó bá jẹ́ ìṣubú rẹ̀ ni ẹ ń wá, ìlara ni. Bí àìsàn bá mú un tí àyè náà sì ṣí, ẹ lè gbà á láìtijú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ kí i. Ẹni tí ó sì san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kí a lè gbé orúkọ rẹ̀ gòkè, olè ni.

Ìhìnrere Jòhánù, orí 5, sọ ti ọkùnrin kan tí ó ti ṣàìsàn fún ọdún 38, tí ó wà létí adágún Bẹtẹ́sídà. Ó sọ fún Jésù pé nígbàkígbà tí omi bá rú, ẹlòmíràn a máa sọ̀kalẹ̀ ṣáájú òun. Jésù kò ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí rẹ̀. Ó wò ó sàn níbi tí ó wà, láì jẹ́ pé ó wọ omi.

Omi tí ẹ̀yin ń dúró dè kò dà bí adágún náà. Nígbà tí a bá kọ orúkọ àwọn àyànfẹ́ sínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Àwẹ̀, orúkọ kan kì í lé òmíràn jáde. Bí ikú tilẹ̀ ká ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìrìbọmi mọ́, Ìjọ kọ́ni pé ìfẹ́ rẹ̀ láti gbà á, pẹ̀lú ìrònúpìwàdà àti ìfẹ́ni, fi ìgbàlà náà dá a lójú. Níhìn-ín ni ojú ọ̀run ti tó ẹyẹ fò.

Nítorí náà, ẹ máa retí ìpè ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì máa wá ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọkàn yín san owó àga.

Fún àṣàrò: Ta ni ó jókòó sí àyè tí ẹ ń fẹ́? Ǹjẹ́ ẹ ti gbàdúrà fún un rí?