Ẹyinjú Àgbà, Iṣẹ́ Ọwọ́ Olódùmarè

Àárín gbùngbùn lẹ́ńsì tó wà nínú ojú arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún ti wà níbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó bí i. Inú oyún ni Ẹlẹ́dàá ti mọ ọ́n. Láti ìgbà náà ni fọ́nrán tuntun ti ń hù lé ti àtijọ́ lórí, ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà, kò sì ní dáwọ́ dúró títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Awọ ara ń bó, irun ń já, èékánná ń hù, à ń gé e. Lẹ́ńsì kì í bó, kì í já. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú, torí pé ẹ̀jẹ̀ ì bá dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ta ló lè pàṣẹ fún ẹran ara pé kó mọ́ gaara, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí kò ṣe Ọba Àwámáríìdí?

Ẹ jẹ́ ká tún wọlé sí i. Lẹ́yìn lẹ́ńsì ni rẹ́tínà wà, awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Òfin tí Olódùmarè fún òun yàtọ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì ló ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń já èyí tó gbó lára ṣóńṣó wọn dànù, tí tuntun sì ń hù láti ìdí, débi pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, apá tó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà ti di ọ̀tun pátápátá. Ìpele sẹ́ẹ̀lì dúdú kan wà lẹ́yìn wọn tó ń gbé àjákù yẹn mì, láti ìgbà èwe títí dọjọ́ ogbó. Nínú ojú kan ṣoṣo, apá kan ń pa gbogbo àtijọ́ mọ́, apá kejì ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun lójoojúmọ́, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń jẹ́ ká ríran.

Bí olójú ṣe ń dàgbà ni ojú náà ń dàgbà. Lẹ́ńsì tí kì í bó á wá máa pọ́n rúsúrúsú, á sì di kùrukùru. Ìyẹn ni kàtárákítì. Bí agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àjákù mì bá sì ti ń dín kù, àwọn àmì kéékèèké tó pọ́n bí ìyeyè á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ sábẹ́ rẹ́tínà. Ìyẹn lè di àìsàn àárín rẹ́tínà. Bí àìsàn náà bá le, ibi tí a fi ń kàwé, tí a fi ń dá ojú ọmọ-ọmọ mọ̀, ló ń bà jẹ́. Àárín ohun tí à ń wò á ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ nìkan lá máa hàn.

Àyípadà tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dé kì í fara hàn nínú àyẹ̀wò ọjọ́ kan. Ronald Klein àti ìyàwó rẹ̀, Barbara Klein, dókítà ojú ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, mọ èyí dájú. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Beaver Dam ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ. Àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ó sì parí ìpele kìíní ní 1990. Àwọn 4,926, láti ẹni ọdún 43 títí dé ẹni ọdún 86, ló yọ̀ǹda ojú wọn. Wọ́n wọn bí kálukú ṣe ríran tó, wọ́n kán oògùn sí wọn lójú kí ọmọlójú lè fẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò lẹ́ńsì àti rẹ́tínà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń pe àwọn tó ṣì wà láàyè padà, títí dé ìgbà karùn-ún tó parí ní 2010.

Sùúrù náà so èso. Lára àwọn tó ti pé ọdún 75, nǹkan bí 7 nínú 100 ni àìsàn àárín rẹ́tínà ti bá dé ibi tó le. Láàárín àwọn tí kò tíì pé 55, kò ju nǹkan bí ẹni 1 nínú 1,000 lọ. A wá mọ̀ pé àmì tín-ín-tín wọ̀pọ̀ lójú àgbà tó ń ríran dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi tí etí rẹ̀ kò já gaara ni ká máa ṣọ́. A sì rí i pé sìgá mímu bá kàtárákítì àárín lẹ́ńsì tan, ó sì bá àìsàn rẹ́tínà náà tan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síwájú kámẹ́rà nígbà yẹn ti lọ sọ́run. Ìmọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ń ṣàǹfààní fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Mo ka irú iṣẹ́ yìí sí ìjọsìn. Ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá fún ogún ọdún, tí ó ń ka àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, ti gbà pé iṣẹ́ náà tóbi ju òye òun lọ. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí tí a bá gbọ́ tí àgbà ń ṣàròyé ojú, tí a dáhùn pé ogbó ló dé. Ogbó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kàtárákítì ṣeé yọ, ìríran sì lè padà. Ojú tí Olódùmarè fi ọ̀pọ̀ ọdún mọ yẹ lẹ́ni tó máa mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú bàbá lọ. Ẹ mú ìyá lọ. Ẹni tó bá ń dúpẹ́ ohun tí Ọlọ́run fi ṣe wá lóore, kó máa tọ́jú rẹ̀.